Ṣé eérú òkè ayọnáyèéfín lè bo oòrùn fún ọdún mẹ́ta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹnì kan ń ta oúnjẹ inú agolo fún wa. Ó ní òkè ayọnáyèéfín ńlá kan máa bú lọ́dún tó ń bọ̀, eérú rẹ̀ á sì bo oòrùn fún ọdún mẹ́ta, pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe pa àwọn ìjọba àtijọ́ run. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Irú lẹ́tà yìí kò yéé dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì ń dùn mí gan-an, torí owó oúnjẹ ọmọ ni wọ́n ń fi ẹ̀rù gbà lọ́wọ́ èèyàn. Kò sẹ́ni tó lè dárúkọ ọdún tí òkè kan máa bú. Pinatubo ní Philippines, tó bú ní oṣù kẹfà ọdún 1991, nǹkan bí oṣù méjì péré ṣáájú ni àmì rẹ̀ hàn kedere.

Ọ̀rọ̀ eérú yẹn gan-an ni irọ́ ibẹ̀. Eérú òkè kì í ṣe eérú igi o, òkúta tó rún wómúwómú ni. Ó lè sọ ọ̀sán di òru fáwọn tó wà nítòsí fún ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ ó wúwo, kì í pẹ́ tó fi ń já bọ́. Imí ọjọ́ tó ń bá eérú jáde ló ń dín oòrùn kù fún ìgbà pípẹ́. Tí òkè bá bú tagbára-tagbára, afẹ́fẹ́ imí ọjọ́ á gòkè kọjá ibi tí òjò ti ń wá, á pò mọ́ ọ̀rinrin, á di ẹ̀kán kíkíní kíkíní tó ń dá díẹ̀ nínú ìtànṣán oòrùn padà. Kò sí òjò lókè yẹn tó máa fọ̀ ọ́ dànù, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ tó ọdún kan sí méjì.

Ẹ wo òkè St. Helens tó bú ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1980: eérú rẹ̀ balẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ púpọ̀, síbẹ̀ ojú ọjọ́ ayé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. El Chichón ní Mẹ́síkò lọ́dún 1982 ò le jù ú lọ, àmọ́ imí ọjọ́ tirẹ̀ pọ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ó sì mú kí ayé tutù díẹ̀. Ti Pinatubo tó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n Celsius.

Ẹ lè ní kí ni ìdajì ìwọ̀n lè ṣe. Àsìkò tó bọ́ sí ló ń pani. Tambora bú ní Indonéṣíà ní oṣù kẹrin ọdún 1815. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, yìnyín bọ́ ní àríwá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà nínú oṣù kẹfà, òtútù pa àgbàdo lóko. Ní Yúróòpù, òjò ò dá, àlìkámà jẹrà. Oòrùn ṣì ń yọ lójoojúmọ́ o! Àmọ́ ogun Napoleon, olú ọba Faransé, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, àpò tálákà ti gbẹ, búrẹ́dì wá di ọ̀wọ́n gógó, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fipá kó ọkà. Ìyàn kì í mú olówó bó ṣe ń mú aláìní, torí náà èmi ò gbà pé òkè nìkan ló ń wó ìjọba.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà lẹ́sẹ̀ irú òkè bẹ́ẹ̀, tiyín yàtọ̀: ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ òkè náà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe tèmi. Ìwọ tó kọ̀wé, tó o bá ti san kọ́bọ̀ kan fún ọkùnrin yẹn, lọ gbà á padà lónìí.