Ṣé owó iṣẹ́ ló sọ géèmù di 80 dọ́là lóòótọ́?

Àbúrò tó ń béèrè bóyá owó tí wọ́n fi ń ṣe géèmù ló jẹ́ kó wọ́n tó báyìí, ohun témi rí ni pé owó iṣẹ́ ti ga lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń pinnu iye tí wọ́n ń tà á. Ilé géèmù ni mo fi ń jẹun ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, lọ́nà Ìbàdàn Gárèjì, àtìgbà PS2 ni mo ti ń ra síìdì, mo ń tà á, mo ń fi pààrọ̀, owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi wà nínú ẹ̀, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fún àwọn tó ń ṣe é ní ẹ̀tọ́ wọn. Nígbà tí Microsoft àti ìjọba Amẹ́ríkà jọ wà ní kóòtù ní 2023, ìwé tí Sony tó ń ṣe PlayStation kó síbẹ̀ fi hàn pé nǹkan bí 220 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ná sórí géèmù The Last of Us Part II, géèmù Horizon Forbidden West náà jẹ 212 mílíọ̀nù, nǹkan bí 300 òṣìṣẹ́, ọdún márùn-ún gbáko. Owó oṣù lèyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti ayé PS3 títí di 2020, 60 dọ́là ni géèmù tuntun dúró sí nígbà tí gbogbo nǹkan yòókù ń gòkè. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá wọn jà nígbà tó di 70.

80 yìí ló wá ń bí mi nínú. Ní 2025, Nintendo gbé Mario Kart World jáde ní 80, Microsoft tó ni Xbox náà ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn ní òun á máa ta àwọn kan ní 80, The Outer Worlds 2 wà lára ẹ̀, kó tó di ìparí oṣù keje wọ́n ti dá a padà sí 70. Ṣé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn já wálẹ̀ láàárín oṣù bíi mélòó yẹn ni? Kò já. Àwọn oníbàárà ló pariwo. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló ń béèrè owó yẹn ni, wọn ì bá má lè yí i padà.

Ẹ tún wo géèmù bọ́ọ̀lù tí ilé iṣẹ́ EA ń gbé jáde lọ́dọọdún. 70 dọ́là kan náà ni wọ́n ń tà á, tí ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú ti èṣín ṣì wà níbẹ̀, àfi orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó yí ẹgbẹ́ padà àti ìwọ̀nba àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì tún ń ta káàdì Ultimate Team nínú ẹ̀, èyí téèyàn fi ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ. Owó tó ń wọlé fún EA lẹ́yìn tí èèyàn ti ra géèmù tán ju ìdajì gbogbo owó wọn lọ. Gàrí Ìjẹ̀bú wọ́n ju gàrí lásán lọ, èèyàn á sì san án torí tó bá fi sẹ́nu, á mọ̀ pé wọ́n jẹ́ kó kan dáadáa kí wọ́n tó yan án. Níbo la ti ń tọ́ iṣẹ́ wò nínú bọ́ọ̀lù yẹn? Ọdún 2025 yẹn náà ni Clair Obscur: Expedition 33 jáde ní 50, tí Hollow Knight: Silksong jáde ní 20, àwọn ọmọdé mi ò sì fi í sílẹ̀.

Ní tiwa níbí, náírà ló jẹ wá jù. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là wà ní nǹkan bí 460 ní iye tí ìjọba kà á sí, géèmù 70 dọ́là jẹ́ nǹkan bí 32,000. Nígbà tó di 1,500, géèmù kan náà di 105,000. Kí ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà tó fi dọ́là mẹ́wàá kún un rárá nìyẹn. Mi ò lè gbé e lé àwọn ọmọ tó ń san owó eré lọ́wọ́, tí mo bá fi nǹkan díẹ̀ lé e báyìí wọ́n á dìde lọ. Tí àsìkò Ojúde Ọba bá sì dé, àwọn tó ti Èkó àti òkè òkun wálé á ní géèmù tuntun làwọn fẹ́ gbá, dandan ni kí n rà á.

Ohun tó ń gbà mí látijọ́ ni síìdì. Tí mo bá lò ó tán, mo lè tà á fún ilé géèmù míì ní Ṣágámù tàbí Àgọ́-Ìwòyè, owó tó ń bọ̀ níbẹ̀ ni mo ń fi kún òmíràn. Wọ́n ti ń gba ìyẹn lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀. PS5 Pro tó jáde ní 2024 ò ní ojú síìdì, àfi kéèyàn ra tiẹ̀ lọ́tọ̀, Switch 2 náà ní káàdì kan tó jẹ́ pé géèmù ò sí nínú ẹ̀, dàta rẹ lo máa fi fà á wálẹ̀. Èyí téèyàn ń rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìsí síìdì tàbí káàdì, wọn ò tẹ síìdì, wọn ò gbé e sọ́kọ̀, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà iye kan náà ni wọ́n ń gbà, èèyàn ò sì lè tún un tà. Èyí gan-an ló yẹ ká máa pariwo lé lórí.

Àbúrò, tí kò bá kán ẹ lójú, jẹ́ kí ti Sony pẹ́ díẹ̀ lórí àtẹ, ó máa wálẹ̀, ti Nintendo ni kì í sábà wálẹ̀. Tòkunbọ̀ ni kó o rà, tó bá sì jẹ́ síìdì, tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, kó o ní kí wọ́n fi í sẹ́rọ kó ṣí dé ibi eré lójú ẹ kó o tó sanwó.