Ojú-Ewé Tara Ẹni Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Kan Láti Ẹ̀pẹ́

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá mi àgbà fi ọ̀pọ̀ ọdún ta ẹja yíyan kí ojú wọn tó di bàìbàì, láti ọdún 2018 ni mo sì ti ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ fún mi nípa ọ̀sà sí orí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ kan: oríṣiríṣi àwọ̀n àti orúkọ wọn, bí wọ́n ṣe ń dẹ ìgèrè, ohun tí apẹja máa ń wò lójú sánmà kí ó tó gbé ọkọ̀ sómi. Lóṣù tó kọjá, mo jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ti ti ojú-ewé mi pa. Wọ́n ní mo rú òfin, wọn kò sọ èyí tí mo rú. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Àbúrò mi ní kí n lọ ṣí búlọ́ọ̀gù, ìyẹn ojú-ewé ìkọ̀wé tara mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé àwọn èèyàn ti ń padà sídìí rẹ̀. Èmi rò pé búlọ́ọ̀gù ti kógbá sílé. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ta ni yóò wá a débẹ̀ kà?

Olùkọ́, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìrọ́jú, Olùkọ́ wa. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí wọra, nítorí ohun tí àgbà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè lọ rà padà lọ́jà. Kí n tó dé orí ìbéèrè yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè wá ohun tó bá ṣì ṣeé rí gbà padà. Ọ̀pọ̀ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ló ní ibi tí èèyàn ti lè béèrè fún ẹ̀dà gbogbo ohun tó ti kọ síbẹ̀, nígbà mìíràn ó sì máa ń ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ti ojú-ewé rẹ̀ pa pàápàá. Bó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ló lè ka ojú-ewé yín láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá Internet Archive ní ẹ̀dà rẹ̀. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀dà ojú-ewé káàkiri ayé. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ìyá àgbà ṣì wà. Ẹ tún jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ orí fóònù yín.

Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Nígbà tí Tim Berners-Lee gbé àbá wẹ́ẹ̀bù, ìyẹn ètò ojú-ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa ń lò yìí, kalẹ̀ ní ọdún 1989 ní CERN, ibùdó ìwádìí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Geneva, kò sí ẹni tó fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe lándíláàdì fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993 sì ni CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Blogger, ohun èlò tí èèyàn fi ń ṣí búlọ́ọ̀gù, dé ní ọdún 1999, WordPress tó jẹ́ irú rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2003, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì ń kọ̀wé sí ojú-ewé tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìkànnì ńláńlá kó gbogbo wa wọ ọgbà wọn, torí pé ọ̀fẹ́ ni, èrò sì pọ̀ níbẹ̀, a kò sì tètè rí i pé ẹni tó ni ọgbà lè ti ilẹ̀kùn nígbàkigbà. Yahoo ti GeoCities pa ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009, tòun ti ojú-ewé ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn. Ní 2019, MySpace jẹ́wọ́ pé àwọn orin tí àwọn èèyàn fi ọdún méjìlá gbé síbẹ̀ ti sọnù nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Nílé wa níhìn-ín, ìjọba àpapọ̀ dá Twitter dúró láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń bá èrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ sì di ẹni tí kò lóhùn mọ́.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára ti ń kóra jọ láti ọdún 2011, nígbà tí àpéjọ IndieWebCamp àkọ́kọ́ wáyé ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà. Ìlànà wọn ni pé kí èèyàn kọ̀wé sí ojú-ewé tirẹ̀ ná, kí ó tó gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ síbi tí èrò wà. Èmi fara mọ́ èyí pátápátá. Ọjà ni ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́; ẹ máa gbé ẹja lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó ilé lọ sọ́jà.

Ohun tó sì sọ ojú-ewé di tiyín gan-an ni àdírẹ́sì, ìyẹn orúkọ tí ẹ óò máa sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún, irú èyí tó parí sí .com tàbí .ng tiwa. Bí ilé-iṣẹ́ tó gba ìwé yín sọ́dọ̀ kò bá ṣe dáadáa mọ́, ẹ óò kó ẹrù yín lọ sí ibòmíràn, àdírẹ́sì kan náà ni yóò sì máa mú àwọn òǹkàwé wá bá yín, gẹ́gẹ́ bí a ṣe lè gbé nọ́ńbà fóònù wa kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bọ́ sórí òmíràn ní Nàìjíríà láti ọdún 2013. Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ yín àti ímeèlì yín ni kí ẹ fi gbà á. Ní Ìkòròdú níbi tí mò ń gbé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló bá ẹgbẹ́ àdúgbò wa ṣe ojú-ewé, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ gba àdírẹ́sì náà. Ó rìnrìn àjò, owó ọdún pé, kò sẹ́ni tó mọ paswọ́ọ̀dù, ìwé tí èmi alára kọ síbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin sì bá a lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Ní ti ẹni tí yóò kà á, n kò ní tàn yín: àwọn òǹkàwé yín kò ní pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní RSS. Fáìlì kékeré ni, búlọ́ọ̀gù ló máa ń ṣe é fúnra rẹ̀, gbogbo ohun tuntun tí ẹ bá sì kọ ni yóò máa tò síbẹ̀. Ẹni tó bá fi àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ohun èlò ìkàwé orí fóònù rẹ̀ yóò máa rí i bó ṣe ń jáde, láìsí ẹni tí yóò dúró láàárín yín láti pinnu ohun tó yẹ kí ó rí. Àwọn tó ń gbọ́ pọ́dkáàsì ti ń lò ó láìmọ̀, torí òun náà ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ má sì ṣe fi àmì ohùn ṣeré. Bí ẹ bá kọ “awon” lásán, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá àwọ̀n tí apẹja ń dà sómi ni, tàbí àwọn tí wọ́n ń dà á, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yín dá lórí àwọ̀n. Níbi ìṣètò ojú-ewé, ẹ yan Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè rẹ̀, kí àwọn ẹ̀rọ tó ń wá nǹkan kiri lè mọ èdè tí ẹ ń sọ. Ẹ dín àwòrán kù kí ẹ tó gbé e sókè, torí owó dátà.

Bí ìyá àgbà bá gbà pé kí ẹ dárúkọ àwọn, ẹ kọ orúkọ wọn sókè pátápátá, kí ó ṣáájú tiyín. Bí ẹ bá sì ti ṣí i, ẹ fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́ sí wa. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ ìgèrè ní Ẹ̀pẹ́.