"Dókítà ní kí n máa lọ sílé, kò fún mi lóògùn": Ìbéèrè yín lórí Valley Fever

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Phoenix ní Arizona ni mò ń gbé, ó ti ń lọ sí ọdún méjì, iṣẹ́ sáìtì ni mò ń ṣe. Ẹni ọdún 34 ni mí, mi ò ní ìtọ̀ ṣúgà, mi ò mu sìgá rí. Lóṣù tó kọjá ìjì eruku kan jà, a rí i tó ń bọ̀ lókèèrè bí ògiri, ká tó sáré wọnú mọ́tò ó ti kún ẹnu wa. Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ibà dé, orúnkún ń ro mí bíi ti bàbá arúgbó, tó bá sì di òru táwẹ̀lì tí mo tẹ́ sórí pílò á tutù rinrin. Wọ́n ní òtútù àyà ni, wọ́n fún mi ní àntíbáyọ́tíìkì lẹ́ẹ̀mejì, pàbó. Ìgbà tí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ni wọ́n ní Valley Fever ni, dókítà wá ní kí n máa lọ sílé, kí n sinmi, kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò kọ oògùn kankan! Ìyàwó mi ní torí pé a jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni. Màmá mi nílé ní ikọ́ fée ni, wọ́n ti ń wá ẹni tó máa bá wọn gbé àgbo wá. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Jẹ́ ká kọ́kọ́ dá Màmá lóhùn. Kì í ṣe ikọ́ fée. Nǹkan bíi èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu ni, Coccidioides lorúkọ ẹ̀, inú ilẹ̀ gbígbẹ ló ń gbé, ní Arizona, ní California, ní Mexico títí dé Argentina níbi tí Alejandro Posadas ti kọ́kọ́ rí i ní 1892 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Tí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ tàbí tí afẹ́fẹ́ gbé e, á gba imú wọnú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti máa wú bí àpò tó kún fún ọmọ wẹ́wẹ́, tó bá bẹ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan á tún di àpò tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àntíbáyọ́tíìkì ò fi ràn án, kì í ṣe bakitéríà.

Ti dókítà tó ní kó o lọ sinmi, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀. Nínú ẹni 10 tó bá fà á símú, bí 6 ò ní mọ̀ pé nǹkankan ṣe wọn rárá, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù, ara wọn á fúnra ẹ̀ sé e mọ́, wọ́n á yá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀ (kí ó máa rẹ èèyàn ló máa ń pẹ́ jù, má jẹ́ kí ọ̀gá sáìtì kankan pè ẹ́ ní ọ̀lẹ). Kò tíì sí ẹ̀rí tó dájú pé oògùn ń mú kí ara ẹni tó lágbára tètè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn náà ò sì jẹ́ ṣeréṣeré, fluconazole ni, kì í ṣe ẹyọ kan 150 tí àwọn obìnrin máa ń rà ní kẹ́míìsì nílé o, 400 milligram lójúmọ́ ni, fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ètè lè máa bó, irun lè máa bá kóòmù jáde.

Ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ sún mọ́ òótọ́, ibòmíì ló kàn nawọ́ sí. Àrùn yìí máa ń jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí awọ, eegun tàbí ọpọlọ lára àwa aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Philippines ju ti àwọn yòókù lọ. Nínú ìlànà tí àwọn dókítà àrùn àkóràn Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2016, wọ́n ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan gbà pé ó yẹ kí wọ́n tọ́jú irú wa lóògùn, bíi ti onítọ̀ ṣúgà àti ẹni tí àrùn bò lẹ́dọ̀fóró. Torí náà má jà, bi í léèrè: "Dókítà, ọmọ Áfíríkà ni mí, ṣé kò yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ fluconazole?" Tó bá ṣì ní rárá, ní kó sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ. Tún bèèrè iye titer ẹ̀jẹ̀ ẹ (nọ́ńbà tó ń sọ bí èròjà tí ara fi ń bá àrùn yìí jà ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀), kọ ọ́ sínú fóònù, tó bá ń lọ sílẹ̀ ó dáa, tó bá dé 1:16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (bíi 1:32), má gbà kí wọ́n kàn ní kó o máa sinmi. Má sì pa ọjọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn jẹ o.

Orí fífọ́ tí kò lọ, ọrùn tó gan, èébì, egbò tí kò jiná, eegun kan tó ń dùn lójú kan ṣoṣo: má dúró de àpọ́ńmẹ́ǹtì. Tó bá wọ awọ tó bo ọpọlọ, oògùn ayérayé ni. Àgbo ńkọ́? Kí Màmá má bínú, kí wọ́n fi sílé, àgbo lè ni ẹ̀dọ̀ lára, fluconazole náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ ẹ sì lè nílò ààyè fún un lọ́la.

ÌBÉÈRÈ: Bùrọ̀dá wa ní Valley Fever yìí ní Arizona, ó ń bọ̀ nílé n'Ìbàdàn fún Kérésì. Ṣé kò ní ran àwọn ọmọ?

ÌDÁHÙN: Rárá o, kì í ti ara ẹnìkan ran ẹlòmíì, eruku ibẹ̀ ló ń fà á. Ẹ jọ jẹun. Kó kàn rántí pé tó bá tún ń wúkọ́ nígbà tó bá wà nílé, kó sọ fún dókítà pé òun ti gbé Arizona, torí tí wọ́n bá wo fọ́tò àyà ẹ̀, ikọ́ fée ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí, nígbà míì jẹjẹrẹ pàápàá.