Kí ló dé tí moment orí òpó kò yéé pọ̀ sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Dẹ́kì tí kò ní bíìmù ni mo ń ṣírò lórí kọ̀ǹpútà. Òpó sí òpó jẹ́ mítà 6 níhà méjèèjì, òpó jẹ́ mílímítà 400, ẹrù jẹ́ 12 kN/m². Nígbà tí mẹ́ṣì, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí kọ̀ǹpútà pín dẹ́kì sí, jẹ́ mílímítà 500, moment (agbára tó ń tẹ dẹ́kì kọrọdọ) orí òpó àárín jẹ́ 62 kNm/m. Ní 250 ó di 91. Ní 125 ó di 120. Èwo ni kí n fi to irin? Àbí kí n pààrọ̀ sọ́fítíwia?

Ìdáhùn: Ẹ má pààrọ̀ nǹkan kan. Sọ́fítíwia tí ẹ bá tún rà, ohun kan náà ni yóò wí, torí ẹ ti sọ fún un pé òpó yín kò ní ìbú, pé ẹnu abẹ́rẹ́ ni dẹ́kì jókòó lé. Nínú ìṣirò tó gbà pé kọnkéré kò tíì sán, moment lójú irú ibi bẹ́ẹ̀ kò lópin. Ẹ wo nọ́ńbà yín: bí ẹ bá ti dá mẹ́ṣì sí méjì, 29 ló ń gorí rẹ̀. Ẹ dá a sí méjì sí i, 29 mìíràn á tún gun orí 120. Pé bí mẹ́ṣì bá ṣe kéré tó ni èsì ṣe péye tó, ó rí bẹ́ẹ̀ ní àárín dẹ́kì, níbi tí nọ́ńbà ti ń yí díẹ̀ tí á sì dúró. Lórí òpó ńkọ́? Irọ́ ni.

Ẹ fún òpó ní ìwọ̀n rẹ̀ nínú àwòrán. Etí òpó ni kí ẹ ti ka moment, kì í ṣe àárín rẹ̀, kí ẹ sì ro ó pọ̀ káàkiri ìbú kan. Ẹ má mú nọ́ńbà ojú kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ẹ mú bírò. Etí òpó sí etí òpó jẹ́ mítà 5.6, nítorí náà 12 × 6 × 5.6² ÷ 8 = 282 kNm. Ẹ ro moment etí òpó méjèèjì jákèjádò mítà 6, ẹ pín in sí méjì, ẹ fi ti agbedeméjì òpó sí òpó kún un: ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ 282. Láti 1914 ni ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Nichols ti fi èyí hàn. Bí ó bá dín jìnnà, ẹrù kan ti sọnù nínú ìṣirò yín.

Eurocode 2, ìwé ìlànà kọnkéré ti ilẹ̀ Yúróòpù, ní kí ìdajì gbogbo irin òkè tí mítà 6 yẹn nílò wà lórí òpó àárín gan-an, láàárín 0.125 ìbú náà lọ́tùn-ún àti lósì; tiyín jẹ́ mítà 0.75 níhà kọ̀ọ̀kan. Òpó etí ilé ní òfin tirẹ̀, ẹ má da á pọ̀ mọ́ èyí.

Ẹ wo Mxy náà, ìyẹn moment tó ń lọ́ dẹ́kì. Bí sọ́fítíwia kò bá fi ìlànà Wood-Armer (ọ̀nà tí a fi ń ro moment yìí mọ́ èyí tí a fi ń to irin) rò ó mọ́ ìyókù, irin igun dẹ́kì á kéré jù.

Èmi ò rí pílánù yín o. Ẹnjiníà tó máa fọwọ́ sí i ni kó gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, pàápàá punching, ìyẹn kí òpó gún dẹ́kì yọ. Ìyẹn kì í kìlọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwia kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò àyàfi tí ẹ bá pàṣẹ fún un.