Ṣé àpáta yíyọ́ ló pa Maurice àti Katia Krafft, àwọn onímọ̀ nípa òkè ayọnáyèéfín?

Rárá o. Ní June 3, 1991, lórí òkè ayọnáyèéfín Unzen ní Japan, eérú, òkúta àti afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bá tọkọtìyàwó ará Faransé náà. Èèyàn 43 ló kú. Àpáta yíyọ́ sábà máa ń rọra wọ́ ni, èèyàn lè rìn kúrò níwájú rẹ̀; èyí tó pa wọ́n yìí, ọkọ̀ pàápàá kì í sábà sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ti Harry Glicken, onímọ̀ nípa òkè ayọnáyèéfín, ará Amẹ́ríkà tó bá wọn kú, ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Òun ló ń ṣọ́ òkè ayọnáyèéfín St. Helens ní Amẹ́ríkà ní 1980 kí David Johnston, onímọ̀ bíi tirẹ̀, tó gba iṣẹ́ ìṣọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni òkè bú, Johnston sì kú.