Ta Ní Ń Ṣọ́ Ẹni Tó Ń Náwó Káúńtì? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

Mẹ́ta nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé sọ́dọ̀ wa lóṣù yìí ló dá lórí ìjọba káúńtì (ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀) ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ ọba, tí ọ̀pọ̀ sì ti ra ilé tí wọ́n ń san owó orí lé lórí. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé àti ti ọ́fíìsì wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú wa. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì káúńtì kan ní ìpínlẹ̀ Texas, èmi ni mo sì máa ń kó ìwé wákàtí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ jọ kí owó tó jáde. Ọ̀gá wa, tí aráàlú dìbò yàn, gba àbúrò ìyàwó rẹ̀ ọkùnrin síṣẹ́ lẹ́yìn tí ó dé ipò, láìkéde àyè iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Ìwé wákàtí ọkùnrin yìí máa ń fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bẹ́ẹ̀ òfìfo ni àga rẹ̀ máa ń wà lọ́jọ́ náà, wọ́n sì tún ń san owó àfikún wákàtí fún un. Àwa yòókù, wákàtí ìsinmi ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún wa dípò owó. Mo ti sọ fún igbákejì ọ̀gá, mo sì ti sọ fún ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ǹjẹ́ òfin kan wà tó lè gbèjà mi bí mo bá tún sọ̀rọ̀? — Òṣìṣẹ́ Káúńtì, Texas.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà. Ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ yìí ló kó wa lọ́kàn sókè jù, nítorí náà ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Texas ní òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fi òótọ́ inú tú àṣírí ìwà tó lòdì sófin, ṣùgbọ́n òfin náà fẹ́ kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ aláṣẹ tó lágbára láti fi òfin tí wọ́n rú náà mú èèyàn, tàbí láti wádìí ìwà ọ̀daràn. Ní ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Texas là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀gá tí agbára rẹ̀ kò kọjá kí ó rí i pé ìlànà ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín ọ́fíìsì tirẹ̀ kì í ṣe irú aláṣẹ bẹ́ẹ̀. Èyí já sí pé wọ́n lè lé yín lọ́la nítorí òtítọ́ tí ẹ sọ fún igbákejì ọ̀gá àti fún ẹ̀ka òṣìṣẹ́, kí ilé ẹjọ́ sì ní òfin yìí kò ràdọ̀ bò yín. Ó dùn wá láti kọ ọ́, nítorí pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó súnmọ́ni ni olóòótọ́ èèyàn máa ń kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí agbẹjọ́rò ìjọba ní agbègbè yín, ìyẹn District Attorney tàbí County Attorney, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fìyà jẹ yín lẹ́nu iṣẹ́ láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn ìwé náà, òfin á gbà pé ìwé náà ló fà á, àfi bí wọ́n bá fi ẹ̀rí mìíràn hàn. Ẹ̀yin náà kò ní ju 90 ọjọ́ lọ láti bẹ̀rẹ̀ ìlànà ìfẹ̀sùnkàn abẹ́lé tí káúńtì yín là sílẹ̀, èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ilé ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó dára ló ti kú nítorí pé ọjọ́ kọjá lára rẹ̀, nítorí náà ẹ tètè rí agbẹjọ́rò tiyín.

Ní ti àbúrò ìyàwó ọ̀gá, òfin Texas kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní agbára láti yan èèyàn sípò kò gbọdọ̀ yan ẹni tó bá a tan dé ipele kẹta nípa ẹ̀jẹ̀, tàbí dé ipele kejì nípa ìgbéyàwó, sí iṣẹ́ tí owó ìlú ń san. Àbúrò ìyàwó wà nínú ipele kejì yẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé ipele kẹrin ni wọ́n ka òun sí, èyí sì máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu. Òfin náà tún dí ọ̀nà tí àwọn ọ̀gá méjì lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, kí èyí gba èèyàn tìyẹn kí ìyẹn sì gba èèyàn tèyí. Ẹni tó bá rú u lè san owó ìtanràn láti 100 dé 1,000 dọ́là, wọ́n sì lè yọ ọ́ nípò. Kò tún gbọdọ̀ fọwọ́ sí owó oṣù ẹni tí kò yẹ kó gbà síṣẹ́ náà. Àyè kan tí ọ̀gá yín lè gbà yọ ni kí ó fi hàn pé ọkùnrin náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún àkókò tí òfin là sílẹ̀ kí òun tó dé ipò.

Ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ ni gbogbo ẹjọ́ náà rọ̀ mọ́, ẹ kò sì nílò láti jí fáìlì ẹnikẹ́ni wò kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ òfin ìsọfúnni gbogbo ìlú ti Texas, orúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba, ipò rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè fún, wọn kò sì gbọdọ̀ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ẹ má ṣe kó ìwé ọ́fíìsì lọ sílé, bó ti wù kí ọkàn yín gbóná tó. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé wákàtí tí ẹ mọ̀ pé irọ́ ló wà nínú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí i, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni fífi irọ́ sínú ìwé ìjọba ní Texas, ọwọ́ tó kẹ́yìn lórí ìwé náà ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ béèrè.

Ẹnìkan tún wà tó yẹ kó rí ẹ̀dà ìwé yín, òun ni ọ́dítọ̀ káúńtì, ẹni tó ń yẹ ìwé owó káúńtì wò. Ìlànà tí Texas gbé ka orí ọ́fíìsì yìí wú wa lórí gidigidi. Ìgbìmọ̀ kọmíṣọ́nà tó ń pín owó káúńtì kọ́ ló ń yan ọ́dítọ̀. Àwọn adájọ́ District Court ló ń yàn án, fún ọdún méjì-méjì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní káúńtì jẹ òun lówó, ọ́dítọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ìwé rẹ̀ wò kó sì fọwọ́ sí i kí ìgbìmọ̀ tó lè ní kí wọ́n san án, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ sí èyí tí kò bá òfin mu. A kì í jẹ oyè àwòdì ká má lè gbé adìẹ. Lójú tiwa, bí ẹni tó ń náwó bá lè gbé ìjẹ lé ẹni tó ń ṣọ́ owó náà lọ́wọ́, tó sì lè gbà á padà nígbà tó bá wù ú, kò sí ìṣọ́ kankan níbẹ̀, bí àyẹ̀wò ọdọọdún ibẹ̀ ti wù kó nípọn tó. Ẹ sọ fún ọ́dítọ̀ pé kí ó gbé ìwé wákàtí ọjọ́ Ẹtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ káàdì tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣílẹ̀kùn àti ìgbà tí wọ́n wọlé sórí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ bíi mélòó kan péré tó fi àlàfo hàn ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Wákàtí ìsinmi tí wọ́n ń kọ fún ẹ̀yin yòókù lè bófin mu, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má kó o pọ̀ mọ́ ẹ̀sùn yòókù. Òfin ìjọba àpapọ̀ fàyè gba káúńtì láti fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí kan ààbọ̀ ìsinmi fún wákàtí àfikún kọ̀ọ̀kan dípò owó, bí àdéhùn bá ti wà kí iṣẹ́ náà tó wáyé, kò sì gbọdọ̀ ju 240 wákàtí lọ fún irú òṣìṣẹ́ bíi tiyín. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó ni wọ́n gbọdọ̀ fi san èyí tó bá kù.

ÌBÉÈRÈ: A ra ilé ní California ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn tó yẹ ìwé owó káúńtì wa wò fún un ní èsì tí kò ní àbààwọ́n, bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà ni wọ́n ní kò sí owó láti fi gba nọ́ọ̀sì kún àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn káúńtì. Ṣé èsì yẹn túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó jí owó? Kí sì ni èmi, tí n kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, lè ṣe? — Onílé, California.

ÌDÁHÙN: Kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Ohun tí irú èsì bẹ́ẹ̀ ń sọ ni pé iye tí káúńtì kọ sílẹ̀ bá ipò owó rẹ̀ mu ní gbogbo ọ̀nà tó ṣe kókó. Kò sọ pé wọ́n fi ọgbọ́n náwó náà, kò sì ṣèlérí pé àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ti tú gbogbo kọ́lọ́fín wò. Ìwé mìíràn ni kí ẹ wá. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ná owó ìjọba àpapọ̀ tó 1,000,000 dọ́là lọ́dún (750,000 ni fún ọdún ìṣúná tó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú oṣù kẹwàá ọdún 2024) gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò àkànṣe tí wọ́n ń pè ní Single Audit, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fo ojú ewé àwọn ìṣirò, kí ẹ lọ tààrà sí ibi tí wọ́n kọ àwọn àléébù tí wọ́n rí sí, kí ẹ sì wo èyí tí wọ́n ti rí lọ́dún tó kọjá tí wọn kò tíì tún ṣe. Àléébù kan náà tó ń padà wá lọ́dọọdún, irú bíi kí ẹnì kan ṣoṣo máa béèrè owó, kó máa fọwọ́ sí i, kó sì tún máa san án, ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbìmọ̀ tó ń ka ìwé náà ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa akọ̀wé tó ṣàṣìṣe lọ.

California ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn tó yẹ kó béèrè bá dákẹ́. Robert Citron, akápò Orange County, yá owó rẹpẹtẹ lé owó ìlú tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, ó sì fi dókòwò lórí ìgbàgbọ́ pé èlé kò ní lọ sókè. Fún ọdún púpọ̀ ni èrè ń wọlé, ìgbìmọ̀ káúńtì sì gba èrè náà láìtú ìdí rẹ̀ wò. John Moorlach, oníṣirò owó tó bá a du ipò ní 1994, kìlọ̀ ní gbangba lásìkò ìpolongo, síbẹ̀ Citron ni àwọn olùdìbò yàn. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ ti Amẹ́ríkà gbé èlé sókè léraléra lọ́dún yẹn, nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.6 dọ́là ló wọlẹ̀, káúńtì náà sì sá di ilé ẹjọ́ ní 6 oṣù kejìlá ọdún 1994 pé apá òun kò ká gbèsè mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa èlé pàdánù iṣẹ́ wọn. Citron gbà lẹ́yìn náà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn ọ̀daràn, Moorlach ni ó sì di akápò ní 1995. Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó sọ pé Citron kó owó náà sí àpò ara rẹ̀; owó ìlú lè run láìsí olè.

Ẹ kò ní láti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kí ẹ tó lè ṣe nǹkan. Board of Supervisors, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso káúńtì, gbọ́dọ̀ lẹ ètò ìpàdé rẹ̀ tó máa ń wáyé déédéé síta ní wákàtí 72 ṣáájú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún aráàlú láyè láti sọ̀rọ̀. Òfin ọdún 1953 tí wọ́n ń pè ní Brown Act ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè kọ̀wé béèrè iye àyè nọ́ọ̀sì tó ṣófo, iye tí ètò ìṣúná ti yà sọ́tọ̀ fún wọn, àti iye tí wọ́n san fún ilé iṣẹ́ tó ń yá wọn ní nọ́ọ̀sì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ fún yín láàárín ọjọ́ 10 bóyá wọn yóò fún yín. Àfiwé iye mẹ́ta yìí ni a fẹ́ kí ẹ gbé lọ sí ìpàdé, nítorí pé àyè iṣẹ́ tó ṣófo tí owó rẹ̀ sì ti wà nínú ètò ìṣúná jẹ́ owó tó ń lọ síbòmíràn.

Gbogbo káúńtì California tún ní Civil Grand Jury, aráàlú 19 ní ọ̀pọ̀ káúńtì, tí wọ́n ń fi ọdún kan wádìí ìṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè jókòó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí i, wọn kì í sì í tú orúkọ olùfisùn síta. Bí wọ́n bá gbé ìjábọ̀ jáde, òṣìṣẹ́ tí aráàlú dìbò yàn ní ọjọ́ 60 láti fèsì, ìgbìmọ̀ ní 90. A mọ̀ pé wọn kò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, àwọn kan sì ń fojú kéré wọn nítorí rẹ̀. Àwa kò sí lára wọn, nítorí pé èsì tí ìgbìmọ̀ bá kọ sílẹ̀ ni ẹ lè fi bi wọ́n léèrè lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rẹ́ mi kan ní Cook County, Illinois, sọ pé bí n kò bá bá àwọn ṣe ìpolongo fún olóṣèlú kan, n kò lè ríṣẹ́ níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? — Ẹni tó ń wáṣẹ́.

ÌDÁHÙN: Bí ó ti rí láyé àtijọ́ nìyẹn, òfin sì ti kọ̀ ọ́. Láti inú ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò Michael Shakman bẹ̀rẹ̀ ní 1969 ni àṣẹ ilé ẹjọ́ ti jáde ní 1972 pé wọn kò gbọdọ̀ lé òṣìṣẹ́ nítorí òṣèlú ní àwọn ọ́fíìsì tó wà nínú ẹjọ́ náà. Àṣẹ tó tẹ̀ lé e ní 1983 kan ìgbàsíṣẹ́. Ní 1976, ẹjọ́ lórí òṣìṣẹ́ tí Ṣẹ́ríìfù (ọ̀gá àwọn agbófinró) Cook County lé nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ ló sì borí. Ní 1990, ilé ẹjọ́ kan náà mú un dé orí ìgbàsíṣẹ́ àti ìgbéga, nínú ẹjọ́ mìíràn láti Illinois.

Àwọn ipò díẹ̀ ṣẹ́kù tí òfin ṣì gbà kí ọ̀gá fi ẹni tó bá a ronú pọ̀ sí, irú bíi àwọn tó ń bá a pinnu ìlànà tàbí tó ń tọ́jú àṣírí rẹ̀. Káúńtì náà ní ìwé tí ó to àwọn ipò wọ̀nyí sí. Ẹ wò ó kí ẹ tó kọ̀wé ìwáṣẹ́. Bí iṣẹ́ tí ẹ ń wá kò bá sí níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni sì tún bi yín ní ẹgbẹ́ òṣèlú yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Independent Inspector General ti Cook County.