Bí ẹ ṣe máa tọpasẹ̀ ìran dé ọ̀dọ̀ Zacharie Cloutier

Ẹ ní ìyá ìyàwó yín, tí wọ́n bí sí Maine ní Amẹ́ríkà, máa ń sọ pé ìran Zacharie Cloutier, ọ̀kan lára àwọn ará Faransé tó tẹ̀dó sí Québec ní Kánádà láyé àtijọ́, làwọn, pé ọdún 1619 ni bàbá náà dé Québec, àti pé ọmọ ọlọ́lá ni. Ẹ wá béèrè bí ẹ ṣe máa mọ òótọ́ ibẹ̀. Ìran yẹn ṣeé fìdí ẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Àmọ́ ẹ pa 1619 rẹ́ nínú ìwé yín.

Káfíńtà ni Zacharie, ọmọ Denis Cloutier àti Renée Brière, ará Mortagne ní agbègbè Perche nílẹ̀ Faransé. Ó fẹ́ Xainte Dupont, tó jẹ́ opó, lọ́dún 1616, Mortagne náà ni wọ́n sì ti ṣèrìbọmi fáwọn ọmọ wọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, láti 1617 títí di 1632. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta 1634 ni òun àti Jean Guyon tó jẹ́ bíríkìlà ṣe àdéhùn níwájú nótárì pé àwọn máa bá Robert Giffard, tó ni ilẹ̀ Beauport nítòsí Québec, ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Ọdún yẹn ni wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí Québec, kì í ṣe 1619. Kò mọ̀wé kọ, àáké ló máa ń yà sísàlẹ̀ ìwé dípò orúkọ. Mi ò mọ àmì tó tún dára jù ú lọ fún oníṣẹ́ igi.

Ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbéyàwó àwọn òbí ìyá yín yẹn, kí ẹ máa gòkè láti ìgbéyàwó kan sí òmíràn. Ẹ má fi ìwé ìbí ṣe àtẹ̀gùn. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ní Québec, wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ bàbá àti ìyá ọkọ àti ti ìyàwó, orúkọ tí obìnrin gbà nílé bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ fún un. Ìgbéyàwó kan, ìran kan nìyẹn. Bíi mẹ́wàá sí méjìlá máa gbé yín dé 1634.

Orúkọ ló máa ń já okùn jù. Ní Amẹ́ríkà, Leblanc lè di White, Boisvert lè di Greenwood, torí náà ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ wò, kì í ṣe ti ìkànìyàn nìkan. Ní Québec fúnra ẹ̀, ẹ máa rí “dit” (ìyẹn “tí wọ́n ń pè ní”) láàárín orúkọ méjì: ẹnì kan náà ni, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè mú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí ẹ bá sì ń wá kìkì ẹni tó ń jẹ́ Cloutier, ẹ máa fo àwọn ọmọbìnrin Zacharie kọjá. Drouin làwọn ọmọ Anne ń jẹ́, Mignot sì làwọn ọmọ tí Louise bí fún Jean Mignot. Jean Cloutier, ọmọ Zacharie ọkùnrin, fẹ́ Marie, ọmọ Abraham Martin. Bí ọ̀nà yín bá gba ibẹ̀, ẹ ti rí baba ńlá kejì.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́. Ọjọ́ 27 oṣù keje 1636 ni wọ́n kọ ìwé àdéhùn ìgbéyàwó Anne àti Robert Drouin, àmọ́ oṣù keje 1637 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá péré ni Anne nígbà àdéhùn yẹn, wọ́n sì fi sí i pé tọkọtaya náà kò ní jọ gbé fún ọdún méjì. Ẹni tó bá da ọjọ́ méjèèjì pọ̀ máa da gbogbo ọjọ́ orí rú. Bákan náà, iná jó ṣọ́ọ̀ṣì Québec lọ́dún 1640 pẹ̀lú àwọn ìwé inú rẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn rántí ni wọ́n fi tún wọn kọ, nítorí náà àìrí orúkọ ọmọ kan níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé wọn ò bí i. Ọjọ́ orí inú ìkànìyàn 1666 àti 1667 náà kì í ṣe ohun tó ṣeé gbára lé.

Àwọn tó ń ṣe PRDH, ètò ìwádìí nípa àwọn ará Québec àtijọ́ ní Université de Montréal, ka 10,850 àtọmọdọ́mọ Zacharie tó ti ṣègbéyàwó ṣáájú 1800. Abájọ tó fi lè yọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lórí igi ìdílé kan ṣoṣo. Bí àyẹ̀wò DNA bá sì sọ pé ẹnì kan sún mọ́ yín gan-an, ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ìbátan jíjìn ló para pọ̀.

Ní ti ọlọ́lá, ilẹ̀ La Clouterie tó gbà lọ́wọ́ Giffard ni wọ́n fi ń dá a lọ́lá. Owó iṣẹ́ ni ilẹ̀ yẹn. Ó tà á lọ́dún 1670, ó sì kú ní Château-Richer lọ́dún 1677, káfíńtà síbẹ̀. Bí ìyá bá ṣáà fẹ́ ọlọ́lá, kí ẹ wá Catherine de Baillon, tó fẹ́ Jacques Miville lọ́dún 1669, lára àwọn ẹ̀ka yòókù. Ìwé wà nílẹ̀ fún tiẹ̀.